Ikùn Olóhùn-Iyọ̀

Ọ̀gá atukọ̀ inú ìwé ń kú lọ lórí ibùsùn rẹ̀ nígbà tí ikùn Olóhùn-Iyọ̀ kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá a sọ. Gbogbo ọmọ baba náà ló pé lé e lórí. Olóhùn-Iyọ̀, obìnrin tó ń kàwé, ti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń rọ ọmọ kó sùn, ó sì ti kà á dé ibi tí baba náà ti ya ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni ikùn obìnrin náà ti kùn gbùùrù, ó fà á lọ gbọọrọ, ó sì gbé e sókè díẹ̀ níparí bí ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀.

Ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì na ọwọ́ sókè. Elétí-Ehoro ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí kò sí ìró tó ń fo etí rẹ̀ dá, ìbáà ṣe eṣinṣin tó bà sára ògiri tàbí omi tó ń kán ní àjà òkè.

"Ẹ jẹ́ ká tún un kà, Ìyá Ìbejì," ó ní. "Baba yẹn ò tíì ráyè kú."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ tí à ń wí yìí, ìwé ni wọ́n ń kà sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí ojú wọn kò ríran. Yàrá tí olùkàwé ń jókòó sí kò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ. Fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀. Kò ní fèrèsé, kò ní fáànù, nítorí fáànù lẹ́nu ju èèyàn lọ. Àga kan tí kì í dún ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì tí wọ́n fi aṣọ tó nípọn bò, máìkì kan tó dorí kodò níwájú ẹnu, àti ìrọ̀rí pẹlẹbẹ kan tó ti gbó, tí Àǹtí Àgbà fi sílẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá gbé itọ́ mì, ìlú gbọ́.

Àǹtí Àgbà yìí ló kọ́ Olóhùn-Iyọ̀ níṣẹ́. "Imú a máa súfèé," ló sọ fún un nígbà yẹn, "máìkì ò sì fẹ́ràn ẹ̀. Ẹnu ni kó o máa fi gba èémí. Yà á, kó o gbé èémí yẹn mì wàrà bí ẹni ń mu omi, kó o tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn." Òun náà ló ní kó máa lá súìtì míńtì láàárín ojú ewé kan sí èkejì, kí ètè má bàa máa lẹ̀ mọ́ra kó máa ta pápá sínú máìkì. Ó ní kó máa fi ọ̀pá róbà fa omi kí ife má bàa kan eyín, kó má sì jẹun kó tó jókòó, torí ẹni tó bá yó, oorun ni yóò kà. Olóhùn-Iyọ̀ gba gbogbo rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń gba ọmú. Kò pẹ́ tó fi ń ka gbólóhùn tó gba ìdajì ojú ewé láìdúró mí. Ohùn rẹ̀ á kàn máa yọ́ lọ, ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ ibi tó ti sinmi. Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn. Àwọn afọ́jú tó bá wá síbẹ̀ a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Òfin kan sì wà nílé iṣẹ́ náà tí ẹnikẹ́ni kì í bá jà: ìwé kan, ohùn kan. Ẹni tí kò ríran, ohùn ni ojú tó fi ń wo ìtàn, wọn kì í sì í pààrọ̀ ojú fún èèyàn láàárín ọ̀nà. Bí olùkàwé bá kú, tàbí tó bá ṣíwọ́, gbogbo ohun tó ti kà nínú ìwé náà ni wọ́n á pa rẹ́, ẹlòmíràn á sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Nígbà kan tí olùkàwé ọkùnrin kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn parí ìwọ̀nba tó kù. Olóhùn-Iyọ̀ gan-an ló dìde ní ìpàdé tó ní, "Ẹ pa á rẹ́." Wọ́n sì pa á rẹ́.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ìdílé àwọn atukọ̀ kan ni, ó nípọn bí búrẹ́dì. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́, kí Ọlọ́run foríjì í, kò mọ ohun tó ń jẹ́ àmì ìdánudúró. Gbólóhùn rẹ̀ a gùn kọjá odò tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí Olóhùn-Iyọ̀ tó lè kà wọ́n láìjá, èémí tó ń gbé mì ní láti máa tóbi sí i. Orí díẹ̀ ló kù kó parí ìwé náà nígbà tí ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kà á.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kúrò ní ẹ̀rín. Ohun tó ń ké lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ di ohun tó ń ké ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn á kùn bí ológbò, nígbà mìíràn á ró bí omi tó ń wọ́ lọ nínú gọ́tà, á sì wú débi pé ó ní láti tú bọ́tìnì síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó lè jókòó. Èyí tó fẹ́ gba ìsàlẹ̀ jáde ńkọ́? Inú yàrá tí kò ní fèrèsé ni, ọmọlúàbí sì ni. Isó inú ẹ̀kú, àmúmọ́ra ni. Ó ń mú un mọ́ra, àmọ́ èyí tó bá dè mọ́lẹ̀ á kàn yí ojú padà, á lọ máa pariwo lókè. Ó gbé ìrọ̀rí Àǹtí Àgbà, ó fi tẹ ikùn mọ́lẹ̀. Ó dín ariwo náà kù díẹ̀, kò pa á.

Kí ni olùkàwé mọ̀ ju pé kó má jẹun? Ó rò pé ikùn tó bá ṣófo kò ní rí nǹkan sọ. Ó kọ oúnjẹ àárọ̀, ó kọ ti ọ̀sán. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọn kò sọ fún wa pé ebi náà lè máa dá sọ̀rọ̀. Bó bá wá délé nírọ̀lẹ́, ìdí ìkòkò ló ń dúró sí. Á máa gbé oúnjẹ gbígbóná mì láìrún un, á máa fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì í wọlẹ̀, á sì máa ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí níbi iṣẹ́ fún ọkọ rẹ̀ láàárín síbí kan sí èkejì. Ilẹ̀ á sì mọ́ bá ikùn tó le bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá, kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló ń mú kí wọ́n máa bẹ̀rù rẹ̀. Elétí-Ehoro jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kò gbójú sókè. Ọ̀gá ní kó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Olóhùn-Iyọ̀ jáde, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ọmọbìnrin atukọ̀ sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ikùn sì ń dá a lóhùn bíi pé òun ni àfẹ́sọ́nà.

"Wọ́n ti gbìyànjú láti gé e kúrò," ọ̀gá ní. "Kò ṣeé gé. Abẹ́ ọ̀rọ̀ ló wà."

"Mo mọ̀, Mà."

"Kí n tó di ọ̀gá níbí ni mo ti ń gbọ́ yín. Màmá mi tí kò ríran, ohùn yín ló fi ń sùn títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé èyí jáde, Ìyá Ìbejì. Ẹ lọ gba ìsinmi oṣù kan, kẹ́ ẹ tọ́jú ara yín. Tẹ́ ẹ bá padà dé tí inú yín dákẹ́, ẹ parí ìwé yín. Tí kò bá dákẹ́, ẹ mọ òfin wa."

Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù bà á nínú ọkọ̀ tó gbé e lọ sílé, irú ẹ̀rù tí kò bà á nígbà tó ń rọbí ìbejì rẹ̀. Kì í ṣe ìjókòó rẹ̀ níbi iṣẹ́ nìkan ló ń rò. Baba atukọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọkọ̀ tó rì pẹ̀lú ẹrù ìyàwó nínú rẹ̀, gbogbo ohun tó ti fi ẹnu gbé dìde láti ohun tó lé lọ́dún kan, yóò pòórá bíi pé kò sí ẹni tó kà á rí.

Nọ́ọ̀sì ni ọkọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àdúgbò, aláwàdà ọkùnrin. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ikùn ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ti kùn, á ní kí ẹnì kan lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe fẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ló rí i pé omijé ń bọ́ sínú àwo. Ó fa àga jókòó.

"Gbé ìwé yẹn wá," ó ní. "Kà á fún mi bí o ṣe ń kà á níbi iṣẹ́."

Ó kà á. Ọkọ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ atukọ̀ kankan sétí. Ọ̀nà ọ̀fun ìyàwó rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

"Kí lò ń gbé mì kó o tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan?"

"Èémí ni, Bàbá Ìbejì. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn."

"Wọn kì í gbé èémí mì. Oúnjẹ ni wọ́n ń gbé mì. Èyí tó o bá mí wọ ẹ̀dọ̀fóró á padà bá ọ̀rọ̀ jáde. Èyí tó o bá gbé mì, ikùn ló ń gbà lọ. Tó bá sì ti débẹ̀, ó di dandan kó jáde, yálà lókè ni o, yálà nísàlẹ̀ ni. Tó o bá wá dè é, á máa rìn kiri, á máa ké." Ó na ọwọ́ sí àpò ìyàwó rẹ̀, ó kó ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì. "Míńtì rèé. Gbogbo ìgbà tó o bá ń lá a, afẹ́fẹ́ lò ń gbé mì pẹ̀lú itọ́. Ọ̀pá róbà yìí ńkọ́? Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lo máa kọ́kọ́ fà mu kó o tó kan omi. Ta ló kó gbogbo èyí lé ẹ lọ́wọ́?"

"Àǹtí Àgbà ni."

"Inú tiwọn kì í kùn?"

Olóhùn-Iyọ̀ fẹ́ ní rárá. Ló bá rántí ìrọ̀rí. Ní gbogbo ọdún tí Àǹtí Àgbà fi jókòó nínú yàrá yẹn, ìrọ̀rí pẹlẹbẹ náà kì í kúrò níkùn rẹ̀, apá méjèèjì ló fi ń gbá a mọ́ra. Bí wọ́n bá bi í, a ní òtútù ló ń mú òun. Yàrá tí ooru ti ń pa èèyàn bí nǹkan míì, òtútù ló ń mú Àǹtí Àgbà, kò sì sí ẹni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ọjọ́ kejì ni ọkọ ti gba àkóso ẹnu ìyàwó rẹ̀. Ó kó míńtì àti ọ̀pá róbà dà nù, ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò sì wọ ilé mọ́. Ó ní kó máa jẹun láàárọ̀, níwọ̀nba, lórí ìjókòó, kó máa rún un títí á fi rọ̀ bí oúnjẹ ọmọ jòjòló, kó sì gbé síbí sílẹ̀ kó tó bu òmíràn. Ó ní bó bá ń jẹun kó má sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló le jù, nítorí ìdí oúnjẹ ni àwọn méjèèjì ti ń rí ara wọn. Wọ́n wá ń jókòó, wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tó jà. Ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ sè lónìí, láti àná ló ti máa wà nínú omi, wọ́n á da omi náà nù kí wọ́n tó gbé e kaná, bí wọ́n bá sì bù ú, wọn kì í bu àbùkún. Kábéèjì àti àlùbọ́sà tútù di ohun tí wọ́n ń fi ojú jẹ. Ó tú ìgbànú rẹ̀ sílẹ̀. Imú ló fi ń mí, jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọkọ ṣe kọ́ ọ, kí ikùn gbéra, kí àyà wà níbi tó wà.

Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á jáde rìn. "Afẹ́fẹ́ inú kì í bá ẹni tó ń rìn gbé," ọkọ ní. Wọ́n á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, wọ́n á yí níbi ògiri ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á padà. Lọ́jọ́ kan, níbi tí ojú ọ̀nà ti dá, ọkọ da ọ̀kan tó dún bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ ya, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

"Bàbá Ìbejì."

"Àpẹẹrẹ ni mo ń fi lélẹ̀ fún ẹ. Èyí tó bá fẹ́ jáde, má dá a dúró."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri ilé ẹ̀kọ́ mú, òun náà sì jẹ́ kí tirẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ìyẹn fún un, nítorí kò tún dùn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kí oṣù náà tó pé, ikùn rẹ̀ ti rọ̀, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ń yí po ní ìdí rẹ̀. Ọkọ gbé ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà àwọn aláìsàn lé e níkùn, ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó bọ́ ọ létí.

"Ó ti sùn," ó ní. "Má jí i."

Lọ́jọ́ tó padà síbi iṣẹ́, Elétí-Ehoro ti nu máìkì sílẹ̀ dè é, ó ti sọ ìrọ̀rí náà sẹ́yìn àga. Olóhùn-Iyọ̀ jókòó, ó ti jẹun wá, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó fi imú fa èémí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ojú ewé kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e, ikùn dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀. Ọwọ́ kankan kò gòkè lẹ́yìn gíláàsì. Ó ti ń rò pé òun ti bọ́. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí ojú Elétí-Ehoro, ojú ẹni tí wọ́n rán wá túfọ̀ tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jáde wá ná, Ìyá Ìbejì." Ó fi hẹ́dífóònù sí i létí. "Orí kìn-ín-ní rèé. Èyí tẹ́ ẹ kà tán báyìí rèé."

Èkíní jẹ́ obìnrin kan tó ń sáré kọjá lórí omi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tutù. Èkejì jẹ́ obìnrin kan tó ń gun àtẹ̀gùn. Imú á fà, á sọ díẹ̀, imú á tún fà. Gbólóhùn tó yẹ kó lọ tààrà ti já wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

"Ẹni méjì ni wọ́n, Ẹ̀gbọ́n," òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Elétí-Ehoro gba hẹ́dífóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Olóhùn-Iyọ̀ tún wọlé. Ó gbìyànjú láti fi ẹnu gba èémí láìgbé e mì, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun tó ti fi ogún ọdún kọ́ nǹkan kì í gbọ́ àrọwà lọ́jọ́ kan. Bó bá ti yanu báyìí, gbígbé mì ló kù. Ó gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún un. Ó ya ẹnu bí ti àtẹ̀yìnwá, ó gbé e mì, ohùn náà sì padà dé, gbogbo rẹ̀ pátá, bíi pé kò lọ síbì kankan. Elétí-Ehoro rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gíláàsì. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ikùn ti jí.

Ó ti jẹun láàárọ̀, ó ti rún un, ó ti rìn, kò lá míńtì, kò fi ọ̀pá róbà mu omi. Kò sí ọ̀kan tó ràn án lọ́wọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ràn lára ohùn rẹ̀ àti ohun tí wọn kò lè fara dà, ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé. Bó bá ṣí i, àwọn méjèèjì á wọlé. Bó bá tì í, kò sí èyí tó máa wọlé nínú wọn.

Ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó jókòó lórí ìdérí, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà máa jáde, ó sì ń sunkún. Ó sàn kó jẹ́ àìsàn, ó ń sọ nínú ara rẹ̀, nítorí àìsàn lóògùn. Iṣẹ́ tó yan òun láàyò ló ń ṣe òun báyìí, òun ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé kò sí wàhálà. Olóhùn-Iyọ̀ ní kò sí.

Ọ̀gá fetí sí gbogbo rẹ̀, ti imú àti ti ẹnu. Elétí-Ehoro dìde dúró. Èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi imú parí ẹ̀ bẹ́ẹ̀, Mà," ó bẹ̀bẹ̀. "Kò kù púpọ̀. Àwọn tó ń gbọ́ wa á dárí jì wá."

Olóhùn-Iyọ̀ ni ọ̀gá yíjú sí. "Ìyá Ìbejì, kí lẹ sọ ní ìpàdé ọjọ́ yẹn, lórí ìwé tí ọkùnrin yẹn fi sílẹ̀?"

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tirẹ̀ kò tíì fọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ó kàn bà síbì kan ó ń dúró dè é.

"Mo ní kí wọ́n pa á rẹ́, Mà."

Elétí-Ehoro ní kó bọ́ síta ná. Ó kọ̀, ó dúró sẹ́yìn àga ọkùnrin náà, ó di ẹ̀yìn àga náà mú. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá ó dá wọn lójú. Kò gbà tó àkókò tí èèyàn fi ń mu ife omi kan. Kò sí ariwo, kò sí nǹkan tó fọ́, baba atukọ̀ àti gbogbo ilé rẹ̀ sì lọ. Elétí-Ehoro fi ọwọ́ méjèèjì bo etí rẹ̀ bíi pé ó ti gbọ́ nǹkan.

Kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́, ọkọ rẹ̀ sì ṣe sùúrù fún un nílé. Ó ní, ká ṣì dúpẹ́, ikùn ti san. Ìyàwó náà ní ọpẹ́ ni. Kò parọ́. Ó ń jẹun bó ti yẹ, oúnjẹ ń dà, wọ́n ń rìn kọjá níwájú ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kò sí ohun tó ń dùn ún àfi ohun gbogbo.

Nígbà tó ṣe, ọ̀gá ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ti rí olùkàwé tuntun, ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́. "Ẹ bá wa kọ́ ọ," ọ̀gá ní. "Ta ló tún mọ̀ ọ́n bíi yín?" Ìwé atukọ̀ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Kó tó kúrò nílé ló ti pinnu pé òun kò ní kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tó pa òun. Ọmọbìnrin náà kò ju àwọn ìbejì rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sọ pé ilé ìyá òun àgbà ni òun ti mọ ohùn Olóhùn-Iyọ̀.

"O ti jẹun?" Olóhùn-Iyọ̀ bi í.

"Rárá o, Mà. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kàwé kì í jẹun."

"Irọ́ ni wọ́n pa fún ẹ, ọmọ mi. Lọ jẹun. Fara balẹ̀ rún un, kó o tó wá."

Ó dúró dè é títí ó fi jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tán. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi imú mí láìyára, kí ikùn gbéra. Ọmọ náà mọ nǹkan kọ́. Ó wọ yàrá kékeré náà lọ, Olóhùn-Iyọ̀ sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ ìwé náà ni ọkọ̀ ti ń kúrò ní èbúté, gbólóhùn náà kò sì dúró títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀ ní òdìkejì. Ọmọ náà fi imú fa èémí, ó bẹ̀rẹ̀. Èémí tán nígbà tí ọkọ̀ wà láàárín odò. Ọwọ́ Elétí-Ehoro gòkè. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró láàárín odò. Ọwọ́ gòkè. Ọ̀gá ti wọlé, ó dúró sẹ́yìn gíláàsì, ó káwọ́ gbera. Ọmọ náà yíjú sí Olóhùn-Iyọ̀.

Ó yẹ kó jẹ́ kí ọmọ náà máa lọ sílé rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà wà láàárín odò, baba atukọ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá. Ó wọlé, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Fi imú sílẹ̀," ó ní. "Ya ẹnu ẹ. Gbé e mì, bí ẹni ń mu omi."

Ọmọ náà ya ẹnu, ó gbé e mì, ó kà. Ọkọ̀ kúrò ní èbúté, ó la odò kọjá, ó gúnlẹ̀, kò dúró níbì kankan. Elétí-Ehoro di ojú rẹ̀. Ọ̀gá tú ọwọ́ tó ká gbera. Omijé bọ́ lójú Olóhùn-Iyọ̀, nítorí ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́ lẹ́nu ọmọ náà.

"Ẹnu mi gbẹ, Mà."

Ó tú àpò rẹ̀. Míńtì kan ṣì wà nísàlẹ̀, èyí tí ọkọ rẹ̀ kò rí. Ó bó o, ó fi sí ọmọ náà lẹ́nu.

Ọmọ náà ń lá a. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ fẹ̀yìn ti àga ni ọwọ́ rẹ̀ kan ìrọ̀rí pẹlẹbẹ náà, ó fà á yọ, ó ń yí i wò.

"Èyí ńkọ́, Mà? Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

"Dá a padà síbẹ̀," Olóhùn-Iyọ̀ ní. "Òtútù a máa mú èèyàn níbí."